Ọjọ́ Mọ́kàndínlógún Nínú Ìwé Fíríìjì

Lójú Màmá Yìnyín, kò sí èdè tí kò nítìjú tó èdè kọ̀ǹpútà tí Tíṣà ń kọ́ wọn nílé ìwòsàn. Gbogbo orúkọ rẹ̀ ò ju lẹ́tà kan ṣoṣo lọ: R. Ajá àdúgbò lásán ń jẹ́ orúkọ tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, èdè tí ò rí orúkọ gidi jẹ́ yìí ló ń bínú sí èèyàn bí ẹni pé òun ló bí i lọ́mọ. Bí o bá gbàgbé kọmá kan péré, á kọ lẹ́tà pupa sójú kọ̀ǹpútà, á panu mọ́, kò sì ní dá ọ lóhùn mọ́ títí o ó fi wá ibi tí kọmá náà wà. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni Màmá Yìnyín. Ó ní òun ò bẹ ọkọ òun tó báyìí rí nígbà tó wà láyé, ọkọ òun sì rèé, bí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́, ó máa ń gbọ́.

Fíríìjì ló sọ ọ́ ní Màmá Yìnyín. Òun ló ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn náà, ọdún kẹtàdínlógún sì rèé tó ti wà lẹ́nu rẹ̀. Yàrá rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ilé. Kò ní fèrèsé. Tábìlì kan, àga kan, àti fíríìjì funfun kan tó ga tó ilẹ̀kùn, tó ń kùn lọ́sàn-án lóru. Bébà kan gbé kọ́ sára rẹ̀. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, a gbọ́dọ̀ wo ohun ìwọn otútù tó wà nínú fíríìjì náà, ká kọ nọ́ńbà tá a bá rí sórí bébà yẹn, ká sì fọwọ́ sí i. Láti orí méjì dé orí mẹ́jọ ni nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ máa wà. Bó bá lọ sókè jù, abẹ́rẹ́ ti kú nìyẹn. Ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ tó ti kú ò yí àwọ̀ padà, kì í rùn, ọmọ tí wọ́n bá sì fún á sunkún bí ọmọ tó gba èyí tó yè. Bébà yẹn nìkan ni ẹlẹ́rìí.

Ọ̀gá Dókítà, tó jẹ́ olórí ilé ìwòsàn náà, ló ní kí gbogbo ẹni tó ń kọ ìwé lọ kọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà tú ìwé ọ̀hún wò. Ó ní ìwé tí a kàn ń kọ tí a ò kà, ẹrù lásán ni. Àwọn mẹ́jọ ni wọ́n ń jókòó sí yàrá ìpàdé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀sán. Tíṣà wọn ò tó àbíkẹ́yìn Màmá Yìnyín lọ́jọ́ orí. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó máa ń fa ṣòkòtò sókè kó tó dáhùn ìbéèrè. Màmá Yìnyín ò tijú rẹ̀. Ó ní òkété tó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu, kí wọ́n sáà jẹ́ kóun rí ọmú náà mu dáadáa.

Tíṣà náà ní tiẹ̀ lẹ́nu. "Ẹ má gba áfẹ́réèjì gbọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́," ló máa ń wí. "Bí bàbá bá ń wọ bàtà márùndínláàádọ́ta, tí ọmọ ń wọ ogún, áfẹ́réèjì á lọ ra bàtà tí ò ní bá ẹnikẹ́ni nínú wọn mu. Ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀. Ẹ fojú rí i ná."

Iṣẹ́ àṣekágbá wọn ni pé kí olúkúlùkù mú ìwé ọdún kan láti ẹ̀ka tirẹ̀, kó tú u wò, kó sì wá sọ ohun tó rí níbẹ̀ fún Ọ̀gá Dókítà àti àwọn olórí ẹ̀ka lọ́jọ́ Ẹtì. Orí ń fọ́ àwọn yòókù. Ìwé akọ̀wé ilé oògùn ní ihò bí àwọ̀n. Ti àwọn tó ń gba káàdì, ọmọ kan náà ni wọ́n bí ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Màmá Yìnyín ní tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sínú. Kò sí àlàfo kan nínú ìwé tirẹ̀. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ọ̀ọ́dúnrún ọjọ́ ó lé márùndínláàádọ́rin, gbogbo rẹ̀ ló pé, gbogbo rẹ̀ ló ní ìbuwọ́lù. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ìka kan lẹ́ẹ̀kan, ó ń kọrin lábẹ́ ètè.

Ọjọ́ Ajé ló kọ àṣẹ tó máa ya àwòrán náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni R bínú sí i, ẹ̀ẹ̀kẹta ló gbà. Ìlà búlúù kan jáde. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, mẹ́rin, márùn-ún lé díẹ̀, mẹ́ta àti àbọ̀, márùn-ún.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń mí," Tíṣà wí lẹ́yìn rẹ̀. "Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, ó gòkè. Wọ́n tì í, ó sọ̀ kalẹ̀. Ohun gidi kì í dúró sójú kan. Ó dáa gan-an, mà."

Tíṣà kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Màmá Yìnyín bá tún tẹjú mọ́ àwòrán rẹ̀. Ní àárín gbùngbùn rẹ̀, ìlà náà dẹ́kun mímí. Ó lọ tẹ́ẹ́rẹ́, ó lọ gbọọrọ, bí aṣọ tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀: mẹ́rin, mẹ́rin àbọ̀, mẹ́rin, mẹ́rin àbọ̀, mẹ́rin. Nígbà tó yá, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í mí padà. Ó ka àwọn ọjọ́ náà. Mọ́kàndínlógún ni. Ó wo déètì rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó fẹ́ bo ìhòòhò.

Àwọn ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń kú lọ ni.

Ilé ìwòsàn mìíràn ni ọkọ náà dùbúlẹ̀ sí, lódìkejì ìlú, Màmá Yìnyín sì ń sùn sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò ní ìsinmi kankan mọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti lo gbogbo rẹ̀ tán nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Bí wọ́n bá mọ̀ pé kò wá, wọ́n á fi ẹlòmíì sípò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Àgbà ló yọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ni Nọ́ọ̀sì Àgbà jẹ́. Ibi iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ wà, òun ló tiẹ̀ bá a wá iṣẹ́ náà, òun náà ló ń fún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ lókè. Ilé ẹbí kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, Nọ́ọ̀sì Àgbà nísàlẹ̀, òun lókè. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún un lọ́jọ́ yẹn ò ju méjì lọ. "Jókòó ti àbúrò mi. Màá bá ọ kọ ọ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: nílé ìwòsàn yẹn, kò sẹ́ni tó ka "bá mi kọ ọ́" sí irọ́. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ẹnì kejì á bá a kọ ìwé àárọ̀, á sì bá a fọwọ́ sí i. Bí ẹni tó ń yẹ ìwé wò bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n lè ti kọ gbogbo ọ̀sẹ̀ tán lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Fíríìjì ṣáà ni, níbo ló fẹ́ rìn lọ? Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí ò bá ṣe é fún ara wọn ni wọ́n ń pè ní ọ̀dájú.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ajé yẹn, ẹkún ló gbọ̀n ọ́n, kì í ṣe ẹ̀rù. Ó kàn ń wo ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni ọkọ rẹ̀ dákẹ́. Ọjọ́ kọkàndínlógún ni wọ́n sin ín. Nínú ìwé, mẹ́rin ló wà láàárọ̀, mẹ́rin àbọ̀ nírọ̀lẹ́.

Ọjọ́rú ni ẹ̀rù dé. Tíṣà kọ́ wọn bí a ṣe ń so ìwé méjì pọ̀, kí ọjọ́ kan nínú ìwé yìí bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ kan náà nínú ìwé tọ̀hún. Ó ní kí kálukú wá ìwé kejì. Màmá Yìnyín lọ yá ìwé Bàbá Ẹ̀rọ, bàbá tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ìkọ̀wé bàbá náà dà bí ibi tí adìyẹ ti ń tan ilẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bá rí ló ń kọ, kò sẹ́ni tó ń bá a kọ ọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó so méjèèjì pọ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá nínú ọjọ́ mọ́kàndínlógún yẹn, ohun tí Bàbá Ẹ̀rọ kọ nìyí: *Ina lo. Ero baje. Ko sina. Ko sina. Ko sina sibe.*

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú ìwé fíríìjì: mẹ́rin, mẹ́rin àbọ̀, mẹ́rin, mẹ́rin àbọ̀, mẹ́rin, mẹ́rin àbọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta láìsí iná, nínú oṣù tí ooru mú jù lọ́dún, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Omi ìmumu lásán á gbóná níbẹ̀. Màmá Yìnyín ò tíì dúró ronú tí ọwọ́ rẹ̀ fi lọ ṣí ìwé kẹta, ìwé orúkọ àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́. Ó so òun náà mọ́ ọn. Láti ọjọ́ tí iná lọ títí dìgbà tí àwọn abẹ́rẹ́ inú fíríìjì náà fi tán, ọ̀sẹ̀ méje ni. Ó ní kí R ka àwọn ọmọ náà. R, tó máa ń bínú nítorí kọmá, dáhùn wéré: igba ó lé méjìlá.

Àrùn tó ń sú sí ọmọdé lára ti bẹ̀rẹ̀ lápá kejì ìlú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni rédíò ti ń pariwo rẹ̀. Ohun tí wọ́n sì ń wí ni pé ọmọ tó bá ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ fọkàn balẹ̀. Igba ìyá ó lé méjìlá ló ń fọkàn balẹ̀ báyìí lórí omi lásán.

Ó ti kọ̀ǹpútà pa, ó gba ìsàlẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ mọ́ra. Ibo ni yóò gbé e gbà? Bó bá sọ ọ́, ìbuwọ́lù rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló kọ ọ́. Bí kò bá sọ ọ́, ọmọ kan á kú níbì kan, ó ṣeé ṣe kó ju ọ̀kan lọ, òun ó sì máa bá a lọ ní kíkọ mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́rin láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ di isó inú ẹ̀kú, à-mú-mọ́ra. Fíríìjì ń kùn lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún, kò gbọ́ ariwo rẹ̀ bíi tọjọ́ yẹn rí.

Nírọ̀lẹ́, ó lọ bá Nọ́ọ̀sì Àgbà nínú yàrá abẹ́rẹ́. Obìnrin náà ń ká òwú sínú agolo, ó ti bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí àpótí.

"Ìyàwó mi," ó ní, "kí ló ṣe ojú ẹ? Àbí kọ̀ǹpútà yẹn tún bú ọ?"

"Ọkọ mi," Màmá Yìnyín dáhùn, bí ìyàwó ilé ti ń pe ẹbí ọkọ, "àwọn ọjọ́ tẹ́ ẹ bá mi kọ ìwé fíríìjì nígbà yẹn, ṣé ẹ máa ń wo inú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́?"

Ọwọ́ Nọ́ọ̀sì Àgbà dúró lórí òwú. "Kí n wo kí ni? Bí mo bá ti ń ti ibí kúrò, ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín ni mo ń sáré bọ̀? Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo kọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì àbúrò mi ni mo ti kọ ọ́. O wà níbẹ̀, oorun ti gbé ọ lọ. Mẹ́rin, mẹ́rin àbọ̀. Àbí kì í ṣe iye tó máa ń wà nìyẹn?"

"Iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta."

Nọ́ọ̀sì Àgbà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àpótí. "Ta ló mọ̀?"

"Èmi. Èmi àti kọ̀ǹpútà."

"Kọ̀ǹpútà ò lẹ́nu. Ìwọ lo lẹ́nu."

"Ọmọ igba ó lé méjìlá ni, ọkọ mi."

Nọ́ọ̀sì Àgbà mọ iye tó jẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi gún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pè wọ́n ní ọkọ òun, ìyàwó òun, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn lápá kí ó má baà ta wọ́n. Ó fi ọwọ́ kan náà bojú. Nígbà tó sọ̀rọ̀ padà, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Oṣù mẹ́rìnlá ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á gba fìlà nọ́ọ̀sì lórí mi, wọ́n á kọ orúkọ mi sára ògiri. Mo wẹ àbúrò mi lọ́jọ́ tó kú, ìyàwó mi, torí ìwọ ò lè wò ó. O ò tíì gbàgbé?"

"Mi ò gbàgbé."

"Ọlọ́run á ṣọ́ àwọn ọmọ náà," Nọ́ọ̀sì Àgbà wí, ó sì ń ká òwú rẹ̀ lọ.

Wọ́n ṣì jọ rìn délé lálẹ́ ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Nọ́ọ̀sì Àgbà bá a gbé báàgì rẹ̀ dé ìdí àtẹ̀gùn, ó ní kó sùn dáadáa. Inú Màmá Yìnyín bàjẹ́ ju bí ẹni pé ó bú u lọ.

Àṣẹ kan wà nínú èdè R tó ń ṣe iṣẹ́ asẹ́. Ohun tó o bá fẹ́ nìkan ló ń jẹ́ kó kọjá, ìyókù á kù sẹ́yìn, kò sì ní pariwo. Ní Ọjọ́bọ̀, Màmá Yìnyín kọ ìlà kan péré. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún pòórá. Ó tún àwòrán yà, ìlà búlúù náà ń mí láti Oṣù Kìíní dé ìparí, ó dùn ún wò. Àgbàlagbà wá kọ́ṣẹ́ tán, ohun tó kọ́kọ́ fi iṣẹ́ náà ṣe nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Tíṣà kì í wo àwòrán nìkan. Ó tẹ̀ ẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka ìlà inú ìwé náà. Ó fa ṣòkòtò sókè. "Mà, ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rìndínláàádọ́ta ló wà níbí. Mọ́kàndínlógún ti sá lọ. Níbo ni wọ́n wà?"

"Àwọn ọjọ́ yẹn ni ọkọ mi kú," Màmá Yìnyín wí. Òótọ́ ni. Kò sí òótọ́ tó ju ìyẹn lọ.

Ojú ọmọkùnrin náà yí padà. "Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọlọ́run á tu yín nínú. Ẹ kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí àkọsílẹ̀, ó tán. Ẹnikẹ́ni ò ní bi yín."

Ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn. Kó kàn gbabẹ̀ jáde. Ṣé kò wá yẹ kí inú rẹ̀ dùn? Ìtìjú ni ó mú un. Ọkùnrin tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ sínú ilẹ̀, tí kò purọ́ pa ẹnikẹ́ni rí, òkú rẹ̀ ni òun gbé dúró sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n má baà rí ohun tó wà lẹ́yìn.

Nígbà tó ń ti yàrá ìpàdé bọ̀, obìnrin kan dá a dúró lójú àtẹ̀gùn. Telọ̀ ni, tépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbé ọmọkùnrin kan pọ̀n, ó sì mú káàdì dání.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Àrùn yẹn ti wọ ilé ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ rẹ̀ méjì ló ti dùbúlẹ̀. Mo fẹ́ lọ bá a tọ́jú wọn lọ́la. Ọmọ mi ti gba tiẹ̀, àbí? Mo lè gbé e dání?"

Màmá Yìnyín gba káàdì náà. Ó wo déètì rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí iná lọ. Ìbuwọ́lù Nọ́ọ̀sì Àgbà wà níbẹ̀, ó gún régé. Ọmọ náà yọ orí lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń fi tépù náà họ eyín.

"Má gbé e lọ," ó ní.

"Kí ló dé, mà? Káàdì rẹ̀ ò pé ni?"

"Ó pé. Ṣùgbọ́n má gbé e dé ibẹ̀. Fi í sílẹ̀ sílé, kó o fi nọ́ńbà fóònù rẹ sílẹ̀ fún mi."

Obìnrin náà ń wò ó bí ẹni tó ń wo wèrè, ṣùgbọ́n ó kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Màmá Yìnyín padà sínú yàrá ìpàdé, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó sì pa ìlà tó ń ṣe iṣẹ́ asẹ́ yẹn rẹ́. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún padà wá. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Lọ́jọ́ Ẹtì, yàrá ìpàdé kún. Ọ̀gá Dókítà jókòó síwájú, àwọn olórí ẹ̀ka jókòó sẹ́yìn, Nọ́ọ̀sì Àgbà wà lórí àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun báláú. Nígbà tó kan Màmá Yìnyín, ó fi àwòrán náà hàn wọ́n. Ó fi ibi tó ti dẹ́kun mímí hàn wọ́n. Ó fi ìwé Bàbá Ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wá fi nọ́ńbà àwọn ọmọ sí ìsàlẹ̀.

"Ta ló kọ ọ́?" Ọ̀gá Dókítà bi í.

Ó ti mọ ohun tó máa sọ. Gbogbo òru ló fi pinnu rẹ̀. "Èmi ni, sà. Ìbuwọ́lù mi ló wà níbẹ̀. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe fún mi, mo gbà."

Ọ̀gá Dókítà yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Màmá, ọjọ́ kẹsàn-án nínú àwọn ọjọ́ yẹn, mo wá kí ọkọ yín. Èmi àtẹ̀yin la jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ ò tíì wẹ̀, ẹ ò tíì jẹun, mo ní kí wọ́n lọ ra nǹkan wá fún yín. Ẹ ò sí níbí, mo mọ̀, mo kàn mójú kúrò ni. Ẹ má purọ́ fún mi lórí ohun tí mo fojú ara mi rí."

Ibi tó rò pé òun lè gbà jáde nìyẹn. Wọ́n ti dí ibẹ̀ náà.

"Abẹ́rẹ́ tuntun fún igba ọmọ ó lé méjìlá," Ọ̀gá Dókítà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "orí fọ́ọ̀mù ni mo ti máa béèrè rẹ̀, lónìí yìí. Fọ́ọ̀mù yẹn ní ibi tí orúkọ ẹni tó kọ nọ́ńbà náà ń wà. Bó bá ṣófo, wọ́n á dá a padà. Bí mo bá kọ orúkọ yín, tí wọ́n wá wádìí, tí wọ́n rí i pé irọ́ ni, wọ́n á dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ta ló kọ ọ́?"

Màmá Yìnyín gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Kò wo ẹ̀yìn. Ó fún Nọ́ọ̀sì Àgbà láyè. Nínú ọkàn rẹ̀ ló ti ń bẹ̀ ẹ́: ọkọ mi, ẹ dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fúnra yín ni kẹ́ ẹ sọ ọ́, kó má jẹ́ ẹnu tèmi. Ẹ sáà dìde, màá dúró tì yín, ibi tí wọ́n bá gbé yín lọ ni kí wọ́n gbé èmi náà lọ. Fáànù ń yí lókè. Ẹnì kan yí bébà rẹ̀ padà. Ó dúró títí omi fi dé e lójú, kò gbọ́ kí àga kankan dún lẹ́yìn rẹ̀.

Ó wá ronú kan ọmọ tó ń fi tépù họ eyín.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, sà," ó ní. "Nọ́ọ̀sì Àgbà. Èmi ló ràn lọ́wọ́. Àbúrò rẹ̀ ló ń kú lọ."

Ìgbà yẹn ni àga dún. Ilẹ̀kùn ṣí, ó sì padé. Tíṣà dojú kọ ilẹ̀, àfi bí ẹni pé òun ló kọ́ ẹnì kan ní bí wọ́n ṣe ń fọ́ ilé.

Kí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán tó lù, fọ́ọ̀mù ti lọ. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀gá Dókítà fún Màmá Yìnyín ní lẹ́tà ìkìlọ̀ tirẹ̀, ó sì gbé fóònù ilé ìwòsàn fún un, ó ní kó máa pe àwọn ìyá náà, torí òun ló ní orúkọ wọn lọ́wọ́. Telọ̀ ló kọ́kọ́ pè. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sínú yàrá rẹ̀, ó tẹ́ bébà orúkọ sílẹ̀, ó ń fi bírò fa igi sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ti fa igi sí mọ́kànlélọ́gọ́ta nígbà tí Nọ́ọ̀sì Àgbà wọlé. Ó ti bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n wọnú báàgì ọlọ́wọ́ kan ṣoṣo, ó gbé e dání. Kò jókòó. Ó wo fíríìjì, ó wo bébà tó gbé kọ́ sára rẹ̀, ó wo ìyàwó àbúrò rẹ̀.

"Wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé títí wọ́n á fi pè mí," ó ní. "Mi ò wá bú ọ. Àwọn ọmọ yẹn, èmi ni mo fún wọn. Mo mọ̀ pé ohun tó yẹ lo ṣe. Ẹsẹ̀ mi ni kò lè gbé mi dìde."

"Ọkọ mi..."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀." Ohùn rẹ̀ ò le rárá, bí ẹni tó rẹ̀ ni. "Láti òní lọ, má pè mí ní ọkọ rẹ mọ́. Bá a bá pàdé nílé, kí mi bí a ṣe ń kí aládùúgbò. Ìyẹn nìkan ni mo lè gbà."

Ó jáde. Màmá Yìnyín gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí orúnkún ń dùn. Lálẹ́ òní, ilé kan náà ni wọ́n jọ máa sùn sí, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì ni òun gbọ́dọ̀ gbà kóun tó gun òkè. Gbogbo ara rẹ̀ ń fẹ́ sáré tẹ̀ lé e, kó kúnlẹ̀, kó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n fóònù ti wà létí rẹ̀, ó ti ń dún lọ́dọ̀ ìyá kejìlélọ́gọ́ta, ìyá náà sì ti gbé e.

Ó ṣàlàyé fún un bó ṣe ti ṣàlàyé fún àwọn yòókù. Abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Ooru ti pa á. Kó má gbé e lọ sáàárín èrò, kó gbé e wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìyá náà bú sẹ́kún, lẹ́yìn ẹkún ló bínú.

"Ta ló ṣe irú èyí fún wa?" ó bi í. "Ẹ dárúkọ onítọ̀hún fún mi. Ta ni?"

Màmá Yìnyín di fóònù náà mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀kan lónìí ni wọ́n ti bi í, ó sì ti dáhùn.

"Àwa ni," ó ní. "Àwa méjì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọmọ náà wá."